Òdòdó Róòsì Kan Náà, Lọ́fínńdà Méjì

Nínú àwọn lọ́fínńdà olówó iyebíye tí wọ́n fi òdòdó róòsì pò ní ilẹ̀ Faransé ní ọ̀rúndún ogún, Chanel No. 5 àti Joy ti Jean Patou ni wọ́n sábà máa ń fi wéra. Róòsì àti jásímíìnì ni ìpìlẹ̀ àwọn méjèèjì. Ọ̀nà tí wọ́n gbà lò ó ni kò papọ̀.

No. 5 ni ẹ̀gbọ́n. Ní 1921, Ernest Beaux, apolọ́fínńdà tí wọ́n bí sí Moscow, gbé àpẹẹrẹ mélòó kan tó kọ nọ́ńbà sí lára síwájú Gabrielle Chanel. Nọ́ńbà karùn-ún ni obìnrin náà mú. Kẹ́míkà tí à ń pè ní aldehyde ni Beaux dà mọ́ òdòdó, tó fi jẹ́ pé ẹni tó gbóòórùn rẹ̀ kò lè tọ́ka sí róòsì ní pàtó. Ó dà bí aṣọ funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ sá sóòrùn.

Inú ìṣòro ni Joy ti jáde. Ọrọ̀-ajé Amẹ́ríkà dojú dé ní Oṣù Kẹwàá 1929, Patou, aránṣọ àwọn ọlọ́rọ̀, sì pàdánù ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ níbẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá wá ọjà pọ́ọ́kú tà. Ní 1930, òun ní kí Henri Alméras po èyí tí owó rẹ̀ kò ní ṣeé gbọ́ sétí! Ilé-iṣẹ́ náà fi yangàn pé 10,600 òdòdó jásímíìnì àti 336 róòsì ló wọ ìwọ̀n 30 mililítà. Ẹ̀yà róòsì méjì ló wà níbẹ̀: ti Grasse, tí òórùn rẹ̀ jọ ti oyin, àti ti Bọ̀lùgéríà, tí wọ́n ń já ní ìdájí kí oòrùn tó fa òróró rẹ̀ gbẹ. Òdòdó tó lé ní 3,000 kìlógíráàmù ni wọ́n ń sè kí wọ́n tó rí kìlógíráàmù òróró kan. Síbẹ̀, Joy tà, ó sì pẹ́ láyé ju Patou tó kú ní 1936 lọ.

Ẹni tó ń yan ọ̀kan nínú méjèèjì, òdòdó gan-an ni ó ń yàn, tàbí ohun tí ọgbọ́n ènìyàn sọ òdòdó dà. Ohun tó wuni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ní 2000, níbi àmì-ẹ̀yẹ FiFi, Joy ni àwọn ènìyàn dìbò yàn ní lọ́fínńdà ọ̀rúndún náà, No. 5 sì tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ọjà kò ka ìbò yẹn sí. Láti 1987 ni Chanel ti bá ìdílé àgbẹ̀ kan nítòsí Grasse ṣe àdéhùn láti máa gbin òdòdó fún un. Ní 2018, ilé-iṣẹ́ LVMH gba Patou, Dior tó wà lábẹ́ rẹ̀ fi orúkọ Joy pe lọ́fínńdà tuntun mìíràn, wọ́n sì dáwọ́ pípo ti Alméras dúró. Ẹni tó bá ń fẹ́ ẹ lónìí, inú ìgò àtijọ́ ni yóò ti wá a.