Ọjọ́-Orí àti Orúkọ Ọmọ Nínú Ìwé Ilé-Ẹ̀kọ́, 1955

Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ọdún 1955, iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 sí nǹkan bí 811,000. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Ìwé ìbí kò wọ́pọ̀. Ọwọ́ ni a fi ń wọn ọmọ: kí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí ó fi kan etí òsì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó etí yóò padà sílé, ìbáà ti pé ọdún méje. Ẹni tí ó bá wá ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣírò ọjọ́-orí, apá ni ó ń kà.

Ti akọ àti abo tún nira díẹ̀. Bí a kò bá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ, Táíwò tàbí Ayọ̀délé kò lè sọ ọ́ fún wa. Oríkì bí Àjàní tàbí Àbẹ̀kẹ́ ni ì bá là á, oríkì kò sì wọ́pọ̀ nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Nítorí náà, bí Táíwò kan kò bá wá mọ́ láti ìwé kẹta, a kò lè mọ̀ bóyá ọmọbìnrin ni, tí a dá dúró sílé láti máa pọn àbúrò tàbí láti máa kiri.