Ìbọn Inú Ìtàn àti Ìbọn Inú Eré: Àyẹ̀wò Ohun Ìjà Ogun Ìjẹ̀bú láti Òwu dé Ìmàgbọn, pẹ̀lú Ìtọ́kasí Ejìnrìn

Ìfáàrà

Orí ìtàgé, inú sinimá àgbéléwò àti inú eré orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń kọ́ ìtàn ogun lóde òní. Ìwé ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn ni. Ìdí nìyí tí ìbéèrè nípa òótọ́ ohun ìjà kò fi yẹ kó jẹ́ ti àwọn tó fẹ́ràn ìbọn nìkan. Nígbà tí eré orí kọ̀ǹpútà Battlefield 1 jáde lọ́dún 2016, tó dá lórí Ogun Àgbáyé Kìíní, ilẹ̀ Faransé kò sí lára àwọn ẹgbẹ́ ológun tí àwọn olùṣeré lè yàn láti fi bá ara wọn figagbága. Oṣù kẹta ọdún 2017 ni wọ́n tó fi í kún un, ìbọn Lebel tí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ Faransé gbé lọ sójú ogun náà sì bá a wọlé. Àwọn tó ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Òyìnbó mọ̀ pé ẹni tí yóò wò ó yóò bèèrè pé: ọdún wo ni ìbọn yìí jáde, ta ló sì gbé e? Àpilẹ̀kọ yìí ń gbé ìbéèrè kan náà wá sí etí ọ̀sà, sí Ejìnrìn tó wà láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Èrò rẹ̀ ni pé bí a bá ṣi ìbọn ogun Ìjẹ̀bú mú, a óò ṣi ìdí tí Ìjẹ̀bú fi ṣubú mú pẹ̀lú.

Ejìnrìn gẹ́gẹ́ bí ẹnu ọ̀nà

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ejìnrìn jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọjà tó tóbi jù lọ létí ọ̀sà. Ọkọ̀ ojú omi láti Èkó ń kó aṣọ, iyọ̀, ọtí, ìbọn àti ẹ̀tù wá. Epo pupa, èkùrọ́ àti oúnjẹ ni wọ́n ń kó padà. Ìlànà Ìjẹ̀bú ni pé àjèjì kò gbọdọ̀ la ilẹ̀ wọn kọjá. Ará Èkó dúró sí etí omi, ará òkè dúró sí ibi ọjà Orù níhà àríwá, ọmọ Ìjẹ̀bú ló sì ń so méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ìbọn tó dé Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn ní àkókò kan ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní irú èbúté bẹ́ẹ̀. Ìbọn kì í hù nínú igbó. Ọ̀nà ló ń gbé e wá.

Láti Òwu dé Kírìjì

Sítóòkù ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1821, nígbà Ogun Òwu. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ lọ́dún 1897 ṣùgbọ́n tí wọ́n kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di ọdún 1921, ṣàlàyé pé àdá gígùn tí wọ́n ń pè ní àgẹ̀dẹ̀ǹgbẹ́ ni Òwu gbójú lé. Ìjẹ̀bú ní tiwọn súnmọ́ etíkun, wọ́n sì ti ní ìbọn lọ́wọ́. Ìgboyà kò wọ́n àwọn Òwu, síbẹ̀ ọta ìbọn ń bá wọn kí àdá tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá.

Ṣakabùlà ni ìbọn ìgbà náà. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sínú rẹ̀, òkúta ló sì ń ṣáná sí i. Akínkanjú tó mọ̀ ọ́n lò dáadáa kò lè yìn ín ju ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Àǹfààní ńlá kan wà lára rẹ̀: alágbẹ̀dẹ ìlú lè tún un ṣe, àfọ́kù irin sì lè di ọta rẹ̀.

Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877, ni ìyípadà ti dé. Ìró ìbọn ńlá ogun náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880, ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ tó wà ní Èkó fi ìbọn Snider ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun Ògèdèǹgbé ní òkè. Ìdí ni wọ́n ti ń ki ìbọn yìí, kì í ṣe ẹnu. Ọta àti ẹ̀tù rẹ̀ sì wà pọ̀ nínú kátíríìjì kan ṣoṣo. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ́dún 1866, ó sì lè dún tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ̀nà Oǹdó, tí ìjọba Èkó ṣí lọ́dún 1872, ló wúlò fún àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà láti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbà. Ìbàdàn, tó jẹ́ pé ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ti Ẹ̀gbá ló gbójú lé, rí ìyà ṣakabùlà níwájú Snider. Níbí ni òótọ́ ọ̀rọ̀ ti hàn pé jagunjagun méjì tó jẹ́ Yorùbá, nínú ogun kan náà, lè má gbé irú ìbọn kan náà.

Ìmàgbọn, ọdún 1892

Lọ́dún 1891, Denton tó ń delé gẹ́gẹ́ bí Gómìnà Èkó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láti béèrè pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà. Awùjalẹ̀ Túnwàṣe kò gba ẹ̀bùn rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú fọwọ́ sí ìwé ní Èkó pé ọ̀nà yóò ṣí, pẹ̀lú £500 lọ́dọọdún dípò owó ibodè. Nígbà tí wọ́n dá òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan padà lẹ́yìn èyí, Gómìnà Carter rí àwáwí ogun. Ọ̀gágun Scott kó nǹkan bí 450 ọmọ ogun gba Ẹ̀pẹ́ wọlé, àwọn kan láti Ìbàdàn sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún, ìjà ńlá wáyé ní Ìmàgbọn létí odò Yemọji. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni àwọn Ìjẹ̀bú tó jáde, kì í sì í ṣe ṣakabùlà nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn. Snider wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn ni àgbá tó ń ju ọta ìwọ̀n póùn méje, rọ́kẹ́ẹ̀tì, àti ìbọn Maxim. Hiram Maxim ló ṣe ìbọn yìí lọ́dún 1884. Ọta tó lè tú jáde láàárín ìṣẹ́jú kan súnmọ́ 600.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí àwọn tó ń fi ogun ṣeré kì í rò. Kò sí alágbẹ̀dẹ Ìjẹ̀bú tó lè rọ kátíríìjì Snider. Ilé iṣẹ́ lókè òkun ló ń ṣe é. Láti ọdún 1861 ni Èkó ti wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé àdéhùn Brussels ti ọdún 1890 sì ti fòfin de kíkó irú ìbọn ìgbàlódé bẹ́ẹ̀ wọ apá tó pọ̀ jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà. Nítorí náà, ẹni tó ń bá Ìjẹ̀bú jà ló mú kọ́kọ́rọ́ ilé ọta Ìjẹ̀bú lọ́wọ́.

Dàhòmì gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí

Ọdún 1892 yìí kan náà ni ilẹ̀ Faransé ń bá ọba Béhanzin jà ní Dàhòmì. Nínú ogun náà, Dàhòmì ní oríṣiríṣi ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì ní etíkun. Chassepot, ìbọn Faransé ti ọdún 1866, wà lára wọn. Àwọn ọmọ ogun Dodds, pàápàá àwọn ti Légíọ̀nù, gbé Lebel ti ọdún 1886, ìbọn ológun àkọ́kọ́ tí ẹ̀tù rẹ̀ kì í rú èéfín bíi ti àtijọ́, tó sì ń gba ọta mẹ́jọ sínú ọ̀pá rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, Abomey bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìbọn Faransé ni wọ́n fi jà níhà méjèèjì, ṣùgbọ́n ogún ọdún ló wà láàárín èkíní àti èkejì. Ogún ọdún yẹn ló pa ènìyàn.

Àṣìṣe inú àfihàn ogun

Nínú ọ̀pọ̀ àfihàn ogun Yorùbá, àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní ni pípa gbogbo ọ̀rúndún kọkàndínlógún pọ̀ di ìgbà àdá, ọfà àti oògùn. Èkejì ni kíkó ìbọn tí ọdún rẹ̀ kò tíì pé lé jagunjagun lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, tó léwu jù, ni sísọ pé àìmọ̀kan ló ṣẹ́gun àwọn baba ńlá. Ọmọ Ejìnrìn tó gbọ́ irú èyí yóò gbà pé ìlú òun jókòó sí etí omi láìmọ ohun tó ń kọjá níbẹ̀. Ẹ̀rí fi yé wa pé òdìkejì ni. Àwọn ènìyàn yìí mọ iye ìbọn, wọ́n mọ ọ̀nà rẹ̀, wọ́n sì fi nǹkan bí àádọ́rin ọdún jèrè lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún Òwu ni Gẹ̀ẹ́sì wá ṣe fún wọn: ẹni tó súnmọ́ orísun ìbọn ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ ló borí.

Èyí kò sọ pé kí wọ́n yọ oògùn àti àdúrà kúrò nínú eré. Jagunjagun gbé ìbọn, ó sì tún wọ ìgbàdí. Kíkó ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì ni irọ́ ti ń wọlé.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ fi ogun Ìjẹ̀bú ṣeré, yálà lórí ìtàgé, nínú fíìmù tàbí lórí kọ̀ǹpútà, ní láti dáhùn ìbéèrè mẹ́rin: ọdún wo ni? ọ̀nà wo ni ìbọn náà gbà wá? ẹnu ni wọ́n ti ń kì í ni tàbí ìdí? ta ló ń pèsè ọta rẹ̀? Ìbéèrè kẹrin ló ṣe pàtàkì jù fún àwọn olùkọ́ ìtàn, nítorí òun ló so ojú ogun pọ̀ mọ́ ojú ọjà. Lẹ́yìn tí ọ̀nà ṣí, tí ọkọ̀ ojú irin sì so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn lọ́dún 1901, òwò òkè gba ibòmíràn, ọlá ọjà Ejìnrìn sì rọlẹ̀. Orúkọ ìlú náà ṣì wà lára ìjọba ìdàgbàsókè Ìkọ̀sí-Ejìnrìn ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ó yẹ kí ipò rẹ̀ nínú ìtàn ìbọn náà wà nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń dàgbà níbẹ̀.