Kì í Ṣe Ihò: Orúkọ fún Eruku Àárín Ìràwọ̀

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tẹjú mọ́ fọ́tò kan lójú kọ̀ǹpútà mi. Ẹ̀yìn fọ́tò náà pupa fòò. Láàárín pupa yẹn, ohun dúdú kan yọ orí bí ẹṣin. Ó ní, "Dádì mi, ta ló gé ibí yìí kúrò?"

Ìbéèrè àgbà ni. William Herschel, tó fi awò ńlá ṣọ́ ojú ọ̀run ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, pe irú ibẹ̀ ní ihò. Edward Emerson Barnard, ará Nashville ní Amẹ́ríkà, tó ti kékeré ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ayafọ́tò, kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ya ojú ọ̀run lọ́dọọdún, ọkàn rẹ̀ yí: ohun kan ló bo ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn. Ní 1919, ó to 182 irú wọn sínú ìwé. Orí ẹṣin yìí ni nọ́ńbà 33.

Ìdí nìyí tí "ìkùukùu dúdú", bí a bá túmọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní tààrà, kò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Dúdú kò sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Eruku ló ń bo ìmọ́lẹ̀ náà, àwa sì mọ eruku tó ń bo nǹkan. Lásìkò ọyẹ́, òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán lè pòórá lójú wa, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa ní òkè ti ṣí lọ. Mo wá sọ ọ́ ní "ìkùukùu abòràwọ̀".

Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, tó túmọ̀ sí dúdú, ni wọ́n fi ń pe ìkùukùu yìí àti fọ́tò kan tí a ń yà nígbà tí ìdérí wà lójú kámẹ́rà. Bí kámẹ́rà bá lajú fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ooru inú rẹ̀ á dá ìmọ́lẹ̀ èké sílẹ̀. A ó dé e lójú, a ó tún yà á fún ìṣẹ́jú márùn-ún, a ó sì yọ ti èyí kúrò lára ti àkọ́kọ́. "Fọ́tò ìdérí" ni mo pè é, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣi í mú.

Àwọn tóótòòtó tó ń ba fọ́tò jẹ́ ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ní ariwo ni, ṣùgbọ́n ojú kì í gbọ́ ariwo. "Ìyàngbò" ló bá a mu. Ẹni tó ń fẹ́ ọkà lórí atẹ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Bẹ́ẹ̀ ni "ìtòléra" ṣe rí: bí a bá to fọ́tò 100 léra, tí a mú ìṣirò àárín wọn, ìyàngbò á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Síbẹ̀, fọ́tò náà á ṣì ṣókùnkùn. A ó wá gbé ìmọ́lẹ̀ tó rẹlẹ̀ sókè gan-an, a ó sì fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú èyí tó ti ga, kí ìràwọ̀ má baà jó funfun. Bí a bá pe ìyẹn ní nínà, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é, olùgbọ́ á rò pé fọ́tò ló ń gùn. "Ìmúyọjú" ni, torí ohun tó sá pamọ́ ló ń yọjú.

Lójú tèmi, ìbéèrè tí orúkọ tuntun bá mú jáde lẹ́nu olùgbọ́ ni a fi ń dán an wò. Nígbà tí mo sọ fún ọmọ mi pé ìkùukùu abòràwọ̀ ni, kò wá ẹni tó gé nǹkan kúrò mọ́. Ó fi ìka lé orí ẹṣin náà, ó ní, "Kí ló wá wà lẹ́yìn rẹ̀?"