Kí Akólòlò Tó Pe Baba

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń falẹ̀ la máa ń pa òwe yìí fún, ìlérí tó wà nídìí rẹ̀ nìkan la sì máa ń dì mú: fọkàn balẹ̀, yóò dára. Ìdajì òwe nìyẹn. Ẹ wo akólòlò dáadáa nígbà tó bá fẹ́ pe baba. Ètè rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, iṣan ọrùn rẹ̀ á le, á ní "ba", á tún ní "ba", àwọn tó yí i ká á sì fẹ́ bá a parí rẹ̀. Síbẹ̀ kò ní dákẹ́. Bíbélì náà mọ irú ẹnu bẹ́ẹ̀: Hánà ń gbàdúrà ní Ṣílò, ètè ń mì, ohùn kò jáde, Élì àlùfáà ṣe bí ó ti mutí yó ni. Iṣẹ́ ni dídúró de Ọlọ́run. Ẹni tó káwọ́ gbera kò sí nínú òwe yìí rárá.

Láàárín wa, ìtàn tó bá a mu jù lójú tèmi ni ti Àjàyí ọmọ Òṣogùn, tí ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Lọ́dún 1821 ni àwọn akónilẹ́rú já wọ ìlú wọn, tí wọ́n kó òun, Àfàlà ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì lọ. Wọ́n ya ìyá àti ọmọ. Wọ́n fi ọmọ pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tún tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó yá pé òun gbìyànjú àtifi ọ̀já òun fún ara òun lọ́rùn lóru, àyà òun kò sì gbà á láti fà á le. Ìgbàgbọ́ kọ́ ló mú un dúró nígbà yẹn. Wọ́n mú un dúró ni.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ ẹrú tó gbé e kúrò ní Èkó. Ìgbàlà dé, àwọn ọmọ náà kò dá a mọ̀. Wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so rọ̀, wọ́n ní ẹran ènìyàn ni. Wọ́n rí ọta àgbá nílẹ̀, wọ́n ní orí àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn ni. (Àìmọye ìdáhùn àdúrà la ti fi ẹ̀rù gbà bẹ́ẹ̀.) Saró ni wọ́n kó wọn lọ.

Nígbà tó dàgbà, Àgbádárìgì ló ti wá fojú lílà dúró de Ọlọ́run. Ó ti di àlùfáà ní London lọ́dún 1843. Ní oṣù Kìíní ọdún 1845, òun àti àwọn míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Henry Townsend àti C. A. Gollmer, gúnlẹ̀ sétí òkun níbẹ̀, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, nítorí Ṣódẹkẹ́ olórí Ẹ̀gbá ti ní kí wọ́n máa bọ̀. Ìròyìn ikú Ṣódẹkẹ́ ló pàdé wọn. Ogun dí ọ̀nà. Bí ọdún kan ààbọ̀ ni ẹni tí Ọlọ́run rán níṣẹ́ fi jókòó síbi tí a kò rán an sí! Ìjókòó náà kò gbófo ṣá. Wọ́n kọ́lé, wọ́n kọ́ ọmọdé níwèé, Crowther ń fi Yorùbá wàásù, ó sì ń bá iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì lọ.

Ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n wọ Abẹ́òkúta. Nígbà tó di ọjọ́ 21, ìyá rẹ̀ yọ sí i. Abáká, ìlú kékeré kan nítòsí ibẹ̀, ni ó ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì. Wọ́n ti wá Àjàyí títí, ó ti sú wọn. Ara ìyá gbọ̀n, wọ́n di ara wọn mú, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu ẹnì kankan. Ìyá dì í lọ́wọ́, ó wá ń pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá rẹ̀ àgbà máa ń pè é ní kékeré. Ká ní wọ́n ní kí Àjàyí yan ọ̀nà tí yóò gbà padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ṣé ọ̀nà Saró àti London ni yóò yàn? Ní oṣù Kejì ọdún 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, Hannah ni wọ́n sọ ọ́.

Ibì kan wà tí àwa oníwàásù fẹ́ràn láti fò. Bàbá Àjàyí ti bógun lọ. Ìyá àgbà tó ni àwọn orúkọ oríkì yẹn ti kú sóko ẹrú. Àwọn náà retí. Òwe kò kúkú sọ pé gbogbo ẹni tó wà nílé nígbà tí akólòlò bẹ̀rẹ̀ ni yóò gbọ́ ọ nígbà tó bá parí. Ẹni tó bá ní òun gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, tí èyí kò sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ètò tó ti bá Ọlọ́run tò sílẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé. Crowther kò fi í pamọ́: nínú àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan náà tó ti ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run sọ ìbànújẹ́ àwọn di ayọ̀, ibẹ̀ ló kọ ikú ìyá àgbà náà sí.