Ẹ̀rọ Kékeré tí Ń Gbé Ohùn Dìde



Ọ̀rẹ́ mi kan kó kúrò ní Múṣín lọ sí Mowé, nítorí ibẹ̀ ni ó kọ́ ilé tirẹ̀ sí. Nínú ẹrù tí ó kó dé, páálí mẹ́ta kún fún àwo orin tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tí ó kú: Haruna Ishola, Yusuf Olatunji, Ebenezer Obey. Ó ra ẹ̀rọ tí ń yí àwo ní àlòkù, ó so ó mọ́ áńpù sítẹ́ríò tí ó ti wà nílé rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Ohùn tí ó jáde kò ju ti ẹ̀fọn inú ìgò lọ. Ó lọ sí Ìbafò, ọlọ́jà kan sì wí fún un pé príáńpù ni kò ní. Ó fi ọ̀kan hàn án, ẹ̀rọ dúdú ràgàjì tí bọ́tìnnì kún ojú rẹ̀. Iye tí ó dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé-ìwé ọmọ méjì fún táàmù kan. Ìyá àwọn ọmọ ní kí wọ́n kó àwo náà padà sínú páálí. Ni ọ̀rẹ́ mi bá tọ̀ mí wá: “Tíṣà, ṣé kí n rà á, àbí kí n fi í sílẹ̀?”

N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ìtàn ni mo kọ́kọ́ sọ fún un, nítorí ẹni tí kò bá mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe ohun èlò kan, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá òun nílò rẹ̀?

Nígbà tí Thomas Edison ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ tí ó gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ tí ó sì tún un sọ, ní ọdún 1877, kò sí iná mọ̀nàmọ́ná kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí Emile Berliner sì fi àwo pẹlẹbẹ rọ́pò àgbá Edison ní 1887, kò sí iná síbẹ̀. Ọwọ́ ni a fi ń yí gírámafóònù. Abẹ́rẹ́ a máa gbọ̀n nínú ìlà àwo, gbígbọ̀n náà a sì gba inú fèrè ńlá jáde, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ká ẹnu láti pe ará oko. Fèrè yẹn ni áńpù ayé ìgbà náà. Báyìí ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá tó bí bàbá Fela, ṣe kọrin sínú àwo ní London ní 1922 fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ó ní láti dúró ti ẹnu fèrè kí ó gbé ohùn sókè, nítorí agbára ọ̀fun rẹ̀ gan-an ni ó ń fín ìlà sára ìda.

Ní 1925 ni àwọn ilé-iṣẹ́ àwo bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mọ̀nàmọ́ná gba orin sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí ẹ̀rọ inú ilé náà fi di ti iná. Abẹ́rẹ́ kò tún ti afẹ́fẹ́ mọ́. Iná ni ó ń bí, iná náà sì kéré jọjọ. Bí a bá pín fọ́ọ̀tì kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, bíi márùn-ún péré nínú rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ tí ó wọ́pọ̀ ń mú wá. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ní fọ́ọ̀tì kan àti ààbọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ ṣírò rẹ̀: ẹ ó rí i pé bátìrì kan tó ọ̀ọ́dúnrún irú iná abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Áńpù ńlá tí ń ti sípíkà kò lè gbọ́ ohùn tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn ní láti ṣáájú gbé e dìde, òun ni à ń pè ní príáńpù.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ síbẹ̀. Bí a bá fín ohùn ìsàlẹ̀, irú ti agídìgbo, sára àwo bí ó ti rí gan-an, ìlà rẹ̀ yóò fẹ̀ débi pé yóò ya wọ inú ìlà kejì. Nítorí náà a máa bu ohùn ìsàlẹ̀ kù nígbà tí a bá ń fín àwo, a sì máa gbé ohùn òkè, irú ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ga sí i, kí ariwo bí abẹ́rẹ́ ti ń ha ara àwo má bàa bò ó. Príáńpù ni yóò dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí ààyè rẹ̀. Nígbà kan, olúkúlùkù ilé-iṣẹ́ ní òdiwọ̀n tirẹ̀. Ní 1954 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ àwo Amẹ́ríkà, RIAA, fi òdiwọ̀n kan lélẹ̀ tí àwọn yòókù tẹ̀lé. Ẹni tí ó bá so ẹ̀rọ àwo mọ́ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ láìgbọ́ agídìgbo. Etí mi gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní Mowé.

Kí ló wá sọ ọ́ di àpótí ọ̀tọ̀? Kíkùn ni. Áńpù àtijọ́ ní gílóòbù tí ń gbóná bí ààrò, ó sì ní tíráńsífọ́mà ńlá tí kíkùn rẹ̀ a máa yọ́ wọ inú ohùn kékeré tí ó bá wà nítòsí. Nítorí èyí ni àwọn oníṣẹ́ bíi Harold Leak ní London àti Saul Marantz ní New York, láàárín 1945 sí 1960, fi ń ta áńpù lọ́tọ̀, príáńpù lọ́tọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó rí irú rẹ̀. Láti 1935 ni wáyà ti ń gbé ohùn rédíò wọ inú ilé ní Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Nínú àpótí ara ògiri yẹn, a-sọ̀rọ̀-má-gbèsì, sípíkà ni gbòógì. Áńpù wà ní ọ́fíìsì lọ́nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ni rédíógíràmù dé, kọ́bọ́ọ̀dù onígi dídán tí ó gba rédíò, ẹ̀rọ àwo, príáńpù, áńpù àti sípíkà sínú ikùn kan ṣoṣo. Ta ni yóò béèrè príáńpù nígbà náà? Ní Ifọ̀, níbi tí ojú irin Èkó sí Abẹ́òkúta ti yà lọ sí Ìlarò àti Ìdógò (Ìdógò yìí ni a bí Ebenezer Obey sí ní 1942), bàbá kan tí ń tún rédíò ṣe ni ó fi tirẹ̀ hàn mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó ṣí ẹ̀yìn rédíógíràmù kan: pátákó tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni, a fi agolo bò ó kí kíkùn má bàa dé ibẹ̀.

Ní 1982 ni CD jáde ní Japan. Ìmọ́lẹ̀ ni ó fi ń ka orin, ohùn rẹ̀ sì ti tó fọ́ọ̀tì méjì kí ó tó kúrò nínú ẹ̀rọ, ìlọ́po irínwó ti abẹ́rẹ́. Kò nílò ẹni tí yóò gbé e dìde. Bí àwo ńlá ti ń kúrò lọ́jà ni àwọn aṣe-áńpù ń yọ príáńpù àwo kúrò nínú ẹ̀rọ wọn. Àwo ti tún padà wọ ọjà, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ kò sí lẹ́yìn áńpù púpọ̀ mọ́. Ibi tí ọ̀rẹ́ mi kó sí nìyẹn.

Mo wá wí fún un pé nǹkan méjì ni ọjà ń fi orúkọ kan pè. Èkínní ni príáńpù àwo, tí ń gbé ohùn abẹ́rẹ́ dìde tí ó sì ń tún un tò. Dandan ni èyí, àfi bí a bá kọ PHONO sí ihò kan lẹ́yìn áńpù, tàbí bí ẹ̀rọ àwo bá ní tirẹ̀ nínú. Àwọn tuntun púpọ̀ ní in, pẹ̀lú bọ́tìnnì tí a kọ PHONO àti LINE sí. Kí ènìyàn má sì so méjì pọ̀, nítorí ohùn tí a gbé dìde lẹ́ẹ̀mejì a máa ya. Èkejì ni ẹ̀rọ tí ń yan láàárín CD àti rédíò, tí ó sì ń fi ohùn sókè sódò, fún áńpù tí kò ní bọ́tìnnì kankan lójú. Áńpù ọ̀rẹ́ mi ní gbogbo ìyẹn. Àwọn kan ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a máa mú kí orin dùn sí i. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nínú ilé tí iná rẹ̀ kì í ṣe ségesège. Ṣùgbọ́n níbi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti ń bú lábẹ́ fèrèsé, n kò rò pé etí ọmọ ènìyàn lè mọ ìyàtọ̀ náà.

A jọ lọ sí Ìbafò lọ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ ràgàjì náà. Kò tilẹ̀ ní ihò àwo! Ọ̀rẹ́ mi ìbá san owó ilé-ìwé ọmọ méjì kí ó tó tún máa gbọ́ ẹ̀fọn kan náà.

Ifọ̀ ni a ti rí èyí tí a ń wá. Ọmọ bàbá ọjọ́sí ni ó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Ó yọ àpótí kan tí kò ju páálí ṣúgà lọ jáde, owó rẹ̀ kò sì tó ìdá mẹ́wàá ti Ìbafò. Lálẹ́ ọjọ́ náà a so ó. Kíkùn ni ó kọ́kọ́ dìde, nítorí a gbàgbé wáyà tín-ín-rín tí ó yẹ kí ó so irin ẹ̀rọ àwo mọ́ ti àpótí náà. Nígbà tí a dè é tán, ilé pa rọ́rọ́. A gbé àwo Haruna Ishola lé e, agídìgbo sì wọlé. Ìyá àwọn ọmọ jáde láti ilé ìdáná, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tọwọ́ tọmọrogùn. Ó ní kí a yí àwo náà sí ojú kejì, nítorí ojú kejì ni òun mọ̀.