Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè Benin Lójú Ọmọ Òkè-Ògùn

Ètò ẹ̀kọ́ Benin ni ìlànà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọmọ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì ní orílẹ̀-èdè tó bá Òkè-Ògùn pààlà ní ìwọ̀-oòrùn. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀, ìlànà tí ìjọba Faransé fi sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ náà gba òmìnira ní 1960 ni wọ́n sì tún ṣe tí wọ́n ń lò. Fún ọmọ Ṣakí tàbí Ìṣẹ́yìn tó ń wá yunifásítì, kò sí ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ mìíràn tó sún mọ́ ọn tó èyí. Bí a bá fi okùn wọn àwòrán ilẹ̀ láti Ṣakí, Parakou, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì ìjọba Benin wà, sún mọ́ ọn ju Ìbàdàn lọ. Ìsúnmọ́ yìí gan-an ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ẹni tó ń lọ Lọ́ńdọ̀nù á ṣe ìwádìí fún oṣù púpọ̀ kó tó gbéra; ẹni tó ń lọ Kùtọnú lè gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu alágbàtà lónìí kó sì wọkọ̀ lọ́la.

Ààlà tó pín wa níyà kò tíì pẹ́. Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn. Kétu àti Ṣábẹ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Títí dòní, ará Ṣakí tó bá dé ọjà Kétu lè dúnàádúrà láti àárọ̀ di alẹ́ láìsọ èdè mìíràn yàtọ̀ sí Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyálọ́jà tó ń bá sọ̀rọ̀ yẹn, èdè Faransé ló fi kọ́ ìṣirò, òun náà ló sì fi kọ ìdánwò.

Ọdún mẹ́fà ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ bíi tiwa, ìdánwò CEP ló sì ń parí rẹ̀. Ilé-ìwé girama gba ọdún méje: mẹ́rin àkọ́kọ́ parí sí ìdánwò BEPC, mẹ́ta tó kù parí sí Baccalauréat, tí gbogbo ayé ń pè ní Bac. Ohun tó máa ń ya ọmọ Nàìjíríà lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń ka kíláàsì. Tiwa ń gòkè, láti JSS 1 dé SS 3. Tiwọn ń sọ̀ kalẹ̀: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama wà ní kíláàsì kẹfà, yóò bọ́ sí ìkarùn-ún, ìkẹrin, ìkẹta, ìkejì àti ìkínní, lẹ́yìn náà ni yóò wá wọ Terminale tí í ṣe ìparí. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ṣábẹ bá sọ fún ọ pé kíláàsì kẹta lòun wà, ó ti ń múra BEPC nìyẹn. Láti kíláàsì kejì ni wọ́n ti ń pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀wọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà pè: A fún èdè àti lítíréṣọ̀, B fún ètò ọrọ̀ ajé àti àwùjọ, C fún ìṣirò àti físíìsì, D fún ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí. Ọ̀wọ́ tí ọmọ bá ti wọ̀ yìí ló ń pinnu ohun tó lè kà ní yunifásítì.

Bac ni ìdánwò àṣejáde girama, òun náà ló ń ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì. Wọn kò ní JAMB, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sí nínú WAEC, nítorí àwọn orílẹ̀-èdè márùn-ún tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ló ni WAEC: Nàìjíríà, Gánà, Sierra Leone, Gambia àti Liberia. Nítorí náà, ìwé WAEC ọmọ Ìṣẹ́yìn kì í ṣe Bac. Ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé ó bá Bac dọ́gba, ìbéèrè yìí ló sì yẹ kí òbí kọ́kọ́ bi wọ́n.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jọ ti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì ń ṣi èèyàn lọ́nà. Mo ti gbọ́ kí bàbá kan máa yọ̀ pé ọmọ òun ti gba Bac, ó rò pé dìgírì ni. Girama lásán ni ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Dìgírì àkọ́kọ́ gan-an ni wọ́n ń pè ní Licence, orúkọ tó jẹ́ pé ìwé àṣẹ awakọ̀ ló ń mú wá sí wa lọ́kàn. Collège kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni bíi tiwa ní Nàìjíríà, ilé-ìwé girama ni.

Máàkì náà yàtọ̀. Ogún ni wọ́n fi ń díwọ̀n, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá gba 10 yege, 12 ti dára díẹ̀, 14 dára, 16 sì dára gidigidi. Olùkọ́ tí a tọ́ ní ìlànà Faransé kì í fi 16 tọrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní 13 lè wà lára àwọn tó mókè ní kíláàsì rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kàn sọ ọ́ di 65 nínú ọgọ́rùn-ún nílé, á dà bí ẹni tí kò ṣe dáadáa. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyí fún ẹni tó bá fẹ́ wá ka másítàsì ní Nàìjíríà tàbí Britain lẹ́yìn náà. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gba àlàyé máàkì lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀.

Ní yunifásítì, ìpele mẹ́ta ló wà: Licence ọdún mẹ́ta tó ní kírédítì 180, Master ọdún méjì, àti Doctorat ọdún mẹ́ta. Yunifásítì ìjọba tó dàgbà jù ni ti Abomey-Calavi lẹ́bàá Kùtọnú, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970 gẹ́gẹ́ bíi Yunifásítì Dahomey, tó sì gba orúkọ tó ń jẹ́ báyìí ní 2001. Ọdún 2001 yẹn náà ni wọ́n dá ti Parakou sílẹ̀. Àjọ CAMES, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968 tí olú ilé rẹ̀ wà ní Ouagadougou, ló ń yẹ ìwé-ẹ̀rí àti ipò àwọn olùkọ́ wò káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé. Yunifásítì ìjọba kì í gbówó gọbọi, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ Faransé kò lè jókòó níbẹ̀. Ọdún kan gbáko fún kíkọ́ èdè kì í ṣe àṣejù.

Èdè yìí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ wa gba ibòmíràn. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni pọ̀ ní Kùtọnú àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n sì là kalẹ̀ fún. Ohun tó ń lé àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ọ̀pọ̀ ni kì í rí àyè wọlé pẹ̀lú máàkì JAMB wọn, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní 2022 sì gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá. Èmi kò bá ọmọ tó rí bẹ́ẹ̀ wí. Àmọ́ kí ó mọ̀ pé àṣẹ láti ṣí ilé ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí ìfọwọ́sí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, àti pé ìjọba Benin ti ṣètò ìdánwò àpapọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni gbọ́dọ̀ yege kí Licence tàbí Master rẹ̀ tó níyì. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá dárúkọ ìdánwò yìí fún ọ rárá, bi í léèrè ìdí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òpin ọdún 2023 fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àsọdùn. Akọ̀ròyìn Umar Audu ti ìwé ìròyìn Daily Nigerian gba ìwé-ẹ̀rí dìgírì láti ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kùtọnú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láìjókòó ní kíláàsì kankan. Ìwé yẹn tún gbé e wọ ètò àgùnbánirọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá yíyẹ ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Tógò wò dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Tahir Mamman tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà kéde pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó gba ayédèrú ìwé-ẹ̀rí láti àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì ju 22,700 lọ. Ìjọba ní yunifásítì mẹ́jọ péré lòun yóò máa kà sí, márùn-ún ní Benin, mẹ́ta ní Tógò. Abomey-Calavi àti Parakou wà lára wọn.

Àárín àwọn tí ìkéde yìí bá ni àwọn tó jókòó kàwé fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, tí wọ́n kọ ìdánwò wọn lóòótọ́ wà. Wọ́n dárúkọ wọn pọ̀ mọ́ àwọn tó ra ìwé. Ìyá tó ta iṣu, tó ta òrí, tó fi san owó ilé-ìwé ọmọ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìfọwọ́sí. Orúkọ yunifásítì tí wọ́n kọ sára pátákó ló rí. Ìrora wọn ló jẹ́ kí n ka ìmọ̀ nípa ètò ẹ̀kọ́ yìí sí ọ̀rọ̀ ilé, tí kò yẹ ká fi sílẹ̀ fún àwọn alágbàtà nìkan.

Owó tún wà níbẹ̀. Sefa ni wọ́n ń ná ní Benin, wọ́n sì so ó mọ́ owó Yúróòpù, yúrò kan jẹ́ 655.957 sefa. Bí náírà bá já, owó ilé-ìwé yóò wọ́n fún òbí ní Òkè-Ògùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ náà kò fi kọ́bọ̀ kan kún un. Ọmọ ilẹ̀ ECOWAS lè wọlé láìgba físà fún 90 ọjọ́. Ẹni tó fẹ́ kàwé fún ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú.

Ẹ̀yin òbí ní Ṣakí, Ìṣẹ́yìn, Òkèhò, Kíṣí àti Ìgbòho, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà àti orúkọ ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ kà sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́ ní Abuja láti béèrè bóyá wọ́n ń ka ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sí, kí ẹ sì dúró gba èsì.