Fífi Ẹ̀rọ Amúlétutù sí Ilé Àtijọ́ Láì Ba Ògiri Rẹ̀ Jẹ́

Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí àwọn Àgùdà àti àwọn Sàró kọ́ sí Erékùṣù Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ṣì ń gbé ibẹ̀ títí di òní. Àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil àti Cuba padà wálé tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, wọ́n sì mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tí wọ́n mọ̀ bọ̀ láti òkè òkun. Láti Èkó ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti tàn dé Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn.

A kọ àlàyé yìí nítorí pé àwọn mọ̀lẹ́bí kan gbà pé ilé bàbá àwọn kò ṣeé mú tutù mọ́, àfi kí àwọn wó o kí àwọn sì kọ́ tuntun. Èrò yìí kò tọ̀nà. A lè fi ẹ̀rọ amúlétutù sí ilé àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń ṣe é, nítorí pé ohun tí ilé búlọ́ọ̀kù lè fara dà lè ba ògiri alámọ̀ jẹ́.

Ohun tí ilé náà ń ṣe fúnra rẹ̀

Àwọn tí ó kọ́ ilé wọ̀nyí kò ní iná mànàmáná, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ooru. Ògiri wọn nípọn, ó ń pẹ́ kí oòrùn tó mú inú ilé gbóná. Àjà wọn ga, ooru a sì máa gòkè lọ kúrò lára ènìyàn. Fèrèsé onípákó tí ó ní àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ ń gba atẹ́gùn wọlé, ó sì ń lé òjò sẹ́yìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ti iwájú dé ẹ̀yìn ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ la ilé já.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, ẹ ṣí àwọn fèrèsé tí wọ́n ti kàn pa. Lẹ́yìn náà, ẹ wo òrùlé, nítorí pé ọ̀dọ̀ páànù ni ọ̀pọ̀ ooru ọ̀sán ti ń wọlé. Bí a bá tẹ́ ohun tí ń dí ooru lọ́nà sí òkè àjà, ẹ̀rọ kékeré yóò tó fún yàrá tí ìbá gba ẹ̀rọ ńlá.

Ẹ̀rọ tí ó bá ilé náà mu

Ẹ̀rọ ojú fèrèsé kò dára fún irú ilé yìí. Ó ń béèrè pé kí a gé ògiri tàbí kí a yọ fèrèsé àtijọ́, ó sì ń gbọn ògiri nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ alápá méjì ni ó yẹ, èyí tí apá kan rẹ̀ wà nínú yàrá, tí èkejì wà níta. Ihò tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 65 ti tó fún ọ̀pá bàbà àti wáyà rẹ̀.

Ẹ̀rọ 1 HP, tí agbára rẹ̀ tó BTU 9,000 ní wákàtí kan, sábà máa ń tó fún yàrá kékeré. Ti 1.5 HP tó BTU 12,000. Kí oníṣẹ́ wọn gíga àjà pẹ̀lú, kì í ṣe ilẹ̀ yàrá nìkan. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ra èyí tí ó tóbi jù, nítorí pé yóò tètè mú yàrá tutù, yóò sì dúró kí ó tó fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tán.

Ibi tí a ó gbé e sí

Kí ẹ má fi apá ti ìta kọ́ ara ògiri alámọ̀. Ẹ gbé e sórí pèpéle símẹ́ǹtì ní ẹ̀yìnkùlé, kí ojú ilé má bàa bàjẹ́. Kí ihò ọ̀pá yẹra fún gbogbo ọnà ara ògiri, kí ó sì dà gẹ̀rẹ̀ sí ìta. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi amọ̀ tàbí ẹfun tí a pò mọ́ yanrìn dí etí ihò náà dáadáa.

Omi tí ẹ̀rọ ń ro sílẹ̀ lè tó ọ̀pọ̀ lítà lójúmọ́. Ẹ fi ọ̀pá darí rẹ̀ lọ sí gọ́tà. Omi tí ń kán sí ẹsẹ̀ ògiri alámọ̀ lójoojúmọ́ yóò jẹ ẹ́ títí yóò fi wó.

Ọ̀rinrin àti iná

Ògiri amọ̀ a máa fa ọ̀rinrin mu, a sì máa tú u sílẹ̀. Bí a bá fi símẹ́ǹtì, táìsì tàbí ọ̀dà dídán bò ó, ọ̀rinrin yóò há sínú rẹ̀, ìrẹ́lé yóò sì máa ṣí. Bí yàrá bá tutù jù, ìṣòro náà yóò pọ̀ sí i. Ìwọ̀n 24 sí 26 lórí ẹ̀rọ ti tó láti sùn dáadáa.

Wáyà àtijọ́ kò lè gbé ẹ̀rọ yìí. Kí oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́ fa wáyà tirẹ̀ láti inú àpótí iná, pẹ̀lú bírékà àti wáyà tí ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀. Pákó pọ̀ nínú ilé wọ̀nyí, iná sì máa ń yára ràn nínú wọn.

Ìyọ̀ǹda

Bí ìjọba àpapọ̀ bá ti kéde ilé yín gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, òfin kò gbà kí ẹ yí i padà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tí ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí. Ìkéde nìkan kò sì tó láti dáàbò bo ilé. Wọ́n kéde Ilojo Bar ní Tinubu Square gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi yàrá kan ṣáájú, kí ẹ sì wo ògiri rẹ̀ la ìgbà òjò kan já kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ohunkóhun tí ẹ bá so mọ́ ilé náà, kí ó jẹ́ èyí tí ẹ lè tú kúrò lọ́jọ́ iwájú láìṣe ògiri léṣe.